Ọkọ́ Tó Ṣì Ń Dàgbà

Ọjọ́ ọjà ni ní Akanran. Bàbá Ṣítù alágbẹ̀dẹ já ọkọ́ òkè òkun gbà lọ́wọ́ Sanmí tó ń tà á, wọ́n ní kí gbogbo ọjà wá wo bí yóò ṣe tẹ̀. Wọ́n fi ṣá yangí títí. Kò tẹ̀. Wọ́n wá mú èyí tí àwọn fúnra wọn rọ. Bí wọ́n ṣe gbé e sókè, irin yọ lára igi, ó fò kọjá lórí Sanmí, ó sì balẹ̀ sínú gààrí ẹni ẹlẹ́ni.

"Bàbá, tiyín nìyẹn?" Sanmí béèrè.

"Ó ṣì ń dàgbà ni. Ẹ ò jẹ́ kó dàgbà tán tí ẹ fi ń gbé géńdé òkè òkun kò ó lójú."

"Láti ìgbà wo lẹ ti ń rọ ọkọ́?"

"Kí wọ́n tó bí ẹ."

"Ọmọ tó jù mí lọ, kò tíì mọ̀ ọ́n rìn!"

Kò sí ìjókòó tí Bàbá Ṣítù kì í ti sọ ọ́: kí ìjọba gbowó gọbọi lórí ọkọ́ tó bá ti òkè òkun wọlé, kí iná àgbẹ̀dẹ má bàa kú. Ìyàwó wọn, Ìyá Humairah, ló ń ro oko ẹ̀gẹ́.

"Bàbá Humairah, ṣé èmi tí mò ń roko ni n ó máa bọ́ ọmọ yín tí kò dàgbà yìí? Ta ló ń gbèjà ẹ̀gẹ́ tèmi?"

Bàbá ní ṣé oúnjẹ ti jinná.

Ìjọba kò gbowó kankan lé e, ibodè ni wọ́n tì pa. Ìsọ̀ Sanmí gbẹ. Kí oṣù tó parí, Bàbá Ṣítù ti sọ owó ọkọ́ di ìlọ́po méjì, irin sì ń yọ síbẹ̀. Ìyá Humairah wá nǹkan ṣe sí i. Ọkọ́ fàyàwọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rí lábúlé, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì Bàbá Ṣítù ni wọ́n ti bá a.

Nígbà tí wọ́n ṣí ibodè padà, àgbẹ̀dẹ tutù. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ ń gun ọ̀kadà ní Moniya. Àwọn tó ń gbè lẹ́yìn Bàbá pàápàá, ti Sanmí ni wọ́n ń rà. Síbẹ̀, Bàbá ń gbá àgbẹ̀dẹ láràárọ̀, bí ẹni tó ń retí oníbàárà.

Inú ọyẹ́ ni Bàbá kú. Ilẹ̀ le. Sanmí wà lára àwọn tó ń gbẹ́ sàréè lẹ́yìnkùlé, ọkọ́ òkè òkun ló sì mú dání. Ìyá Humairah jáde láti inú iyàrá.

"Sanmí, má fi ìyẹn gbẹ́ ti Bàbá."

Wọ́n mú ọkọ́ kan wá láti àgbẹ̀dẹ. Sanmí gbé e sókè, irin yọ, ó bọ́ sínú ihò. Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Humairah náà rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú wọn. Wọ́n gba irin náà, wọ́n fi akísà dí ẹnu igi, wọ́n sì gún un lórí òkúta títí ó fi wọlé.

"Rọra lò ó. Ó ṣì ń dàgbà."

Sanmí rọra. Wọ́n ti kírun Alásàrí kó tó gbẹ́ ẹ tán.