Ẹfọ̀n Tó Ń Dúró ní Oríta

Rọ́bà tó bo bíréèkì olùkọ́ nínú ọkọ̀ náà ti jẹ tán ní ìhà òsì. Irin tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń dán bí ojú ṣíbí. Bíréèkì méjì ló máa ń wà nínú ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kọ́ni ní ọkọ̀ wíwà: ọ̀kan fún akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀kan níwájú ìjókòó olùkọ́. Rọ́bà ti akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ní gbogbo ilà ara rẹ̀. A kò nílò ẹlẹ́rìí láti mọ ẹni tó ń dá ọkọ̀ náà dúró.

Obìnrin ni olùkọ́ yìí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń pè é ní Àǹtí Rọra, nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ló máa ń sọ kí ọkọ̀ tó gbéra, nígbà tó bá ń lọ, àti lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa iná rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ búra pé òun ti rí i tó wo ọ̀tún, tó wo òsì, kó tó jáde nínú ilé ìdáná.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà kò mọ̀ ni pé Àǹtí Rọra ní ẹfọ̀n. Inú géèmù orí fóònù ni ẹfọ̀n náà ń gbé. Ayé igbó àti òkè ni géèmù ọ̀hún, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn jọ ń wọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láti ibi tí kálukú jókòó sí. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ yóò mú ẹranko ìgbẹ́ kan, yóò máa bọ́ ọ, yóò máa tù ú nínú títí yóò fi di ẹran ọ̀sìn, yóò sì máa gùn ún gbé ẹrù láti ìlú kan dé òmíràn. Ọmọ ẹfọ̀n ni Àǹtí Rọra mú ní tirẹ̀, ó sì sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń dirun ní ìlú mìíràn, ń gun ògòǹgò. Àbúrò wọn ọkùnrin, tó ń gé gíláàsì fèrèsé ní ìlú kẹta, ń gun àmọ̀tẹ́kùn kan tó ń jẹ́ Ìjì. Ènìyàn mẹ́ta péré ni géèmù náà gbà nínú ikọ̀ kan. Bí iṣẹ́ bá ti tán ní ìrọ̀lẹ́, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ìyá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń pàdé, tí wọ́n ń gbọ́ ohùn ara wọn nínú fóònù, tí wọ́n ń bú ara wọn bó ṣe wù wọ́n. Kò sí ibòmíràn tí wọ́n ti ń ríra tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà náà ni àwọn tó ni géèmù ṣe àtúnṣe ńlá sí i. Tẹ́lẹ̀, ẹran kì í ṣe ju ohun tí olówó rẹ̀ bá fi ìka darí rẹ̀ sí. Lẹ́yìn àtúnṣe, ẹran bẹ̀rẹ̀ sí í dá rìn fúnra rẹ̀, ìwà tó sì ń hù ni èyí tó ti rí lọ́wọ́ olówó rẹ̀ láti àárọ̀ ọjọ́. Olówó lè bẹ̀ ẹ́. Kò lè fipá mú un mọ́.

“Ọmọ tí ò bá jọ ṣòkòtò á jọ kíjìpá,” ni onídìrí wí nígbà tí wọ́n wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. “Ẹ jẹ́ ká wo ohun tá a bí.”

Jẹ́jẹ́ gbéra pẹ̀lú ẹ̀yẹ, ó rìn dé oríta, ó dúró. Ó yí orí sí òsì. Ó yí i sí ọ̀tún. Ó tún yí i padà sí òsì. Kò sí ohunkóhun lójú ọ̀nà àfi ìgbín kan tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹfọ̀n náà dúró dè é kó kọjá.

“Àǹtí mi, kí ni màlúù yín ń ṣe?” ni agégíláàsì bèèrè.

“Ẹfọ̀n ni, kì í ṣe màlúù.”

“Kí ni ẹfọ̀n yín ń ṣe?”

“Ó ń jẹ́ kí ìgbín kọjá.”

“Ìgbín! Ilẹ̀ á ṣú bá wa o!”

“Ìgbín ló ni ọ̀nà,” ni Àǹtí Rọra dáhùn, ọ̀rọ̀ náà sì ti jáde kí òun fúnra rẹ̀ tó gbọ́ ohun tó sọ.

Agégíláàsì rẹ́rìn-ín títí ohùn rẹ̀ fi ń ya nínú fóònù. Ìjì tirẹ̀ ti fò kọjá ògiri mẹ́ta, ó sì ń yangàn lé e lórí bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ gba ipò kìíní. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹfọ̀n dúró ní oríta karùn-ún, ẹ̀rín náà gbẹ.

“Àǹtí mi, ìfẹ́ ni mo fi ń sọ ọ́ o. Lọ́jọ́bọ̀, a fẹ́ gbé oyin gba orí òkè lọ sí ìlú èbúté, ó sì gbọ́dọ̀ débẹ̀ kí oòrùn inú géèmù tó wọ̀. Ẹ tú ẹran yẹn sílẹ̀ sígbó, kẹ́ ẹ mú òmíràn. Tẹ́ ẹ bá kọ̀, ọ̀rẹ́ mi kan wà níbi iṣẹ́ tó ní ẹṣin. Òun á gba àyè yín.”

Onídìrí kò fọhùn. Èyí ló já Àǹtí Rọra láyà jù, nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kì í dákẹ́ àfi tó bá fara mọ́ ohun tí a sọ.

Ó pinnu láti kọ́ Jẹ́jẹ́ ní ìwàkuwà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, nígbà ìsinmi, ó jókòó sínú ọkọ̀ tó wà ní ìgúnlẹ̀, ó gbé fóònù sórí itan. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, télọ̀ kan tó ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò nítorí eré àsápajúdé, jókòó sí ìdí sitiárìn, ó ń jẹ bisikíìtì.

“Sáré! Kọlu ọgbà yẹn!” ni Àǹtí Rọra pariwo.

Télọ̀ ta gìrì. “Mà? Ọgbà wo?”

“Kì í ṣe ìwọ. Ìwọ, jẹ bisikíìtì rẹ.”

Ó bẹ Jẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹfọ̀n náà gbà, ó sáré, pátákò rẹ̀ ń dún kì-kì-kì, ọgbà ń sún mọ́ tòsí. Ẹsẹ̀ Àǹtí Rọra ta bíréèkì ọkọ̀ tí kò lọ síbì kankan, ìka rẹ̀ sì fò kúrò lójú fóònù. Ẹfọ̀n dúró wámú. Bisikíìtì jábọ́ lọ́wọ́ télọ̀.

“Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bá yín dán an wò. Eré sísá kúkú niṣẹ́ mi.”

Ó gba fóònù. Jẹ́jẹ́ yíjú padà, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́, ó sì jókòó sílẹ̀ gbẹ̀ẹ̀.

“Ó mọ̀ pé mi ò tíì ní ìwé àṣẹ,” ni télọ̀ wí, ó sì dá fóònù padà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ní ọjọ́bọ̀, Àǹtí Rọra wọlé pẹ̀lú ìpinnu. “Mi ò ní tú u sílẹ̀. Bí àyè mi yóò bá lọ, kó lọ. Ọmọ ẹni ò ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn.”

“Àǹtí mi, ìdí ẹfọ̀n yín fẹ̀ tó,” ni àbúrò rẹ̀ fèsì. “Ẹsẹ̀ ni ò yá. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká dán an wò lónìí nìkan.”

Wọ́n di oyin ru àwọn ẹran, wọ́n gbéra. Wọn kò tíì dé àárín òkè tí Ìjì fi rí bèbè ọ̀gbun kan. Láti ìgbà tí agégíláàsì ti ń ṣe géèmù yìí, kò sí ibi gíga tó rí rí tí kò fò láti orí rẹ̀. Ìjì fò, tòun ti oyin. Ó gun òkè padà, ó tún fò.

“Ìjì, mo bẹ̀ ọ́! Ìjì, bàbá mi! Ẹran burúkú!”

“Ta ló kọ́ ọ?” ni onídìrí bèèrè, ó ń rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín pẹ́. Ògòǹgò tirẹ̀ ti yà lọ sọ́dọ̀ àwọn àjèjì mẹ́rin tó ń yáná létí ọ̀nà, ó na ọrùn sáàárín wọn, ó sì kọ̀ kò kúrò.

“Àwọn wo nìyẹn?” ni onídìrí kígbe. “Mi ò mọ̀ wọ́n rí!”

“Ó ń gbọ́ òfófó ni, Àǹtí Àgbà. Ó jọ ìyá ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ìdìrí,” ni agégíláàsì wí.

Ẹfọ̀n nìkan ló dé oríta orí òkè. Ó wo òsì, ó wo ọ̀tún, ó tún wo òsì. Ọ̀nà ṣófo, oòrùn ń wọ̀, Àǹtí Rọra sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó máa lọ. Jẹ́jẹ́ yí padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ti wá.

Nígbà náà ló yé Àǹtí Rọra. Kò sí ọjọ́ kan tí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò òun wà lẹ́yìn tí òun kò dúró dè wọ́n. Ẹni tó bá ń ṣíwájú kò gbọdọ̀ lọ bí kò bá tíì rí ẹni tó ń tẹ̀ lé e nínú dígí ọkọ̀ rẹ̀. Ẹfọ̀n ti kọ́ èyí náà.

Jẹ́jẹ́ lọ dúró sábẹ́ bèbè ọ̀gbun. Ìjì fò, ó balẹ̀ síwájú imú rẹ̀ gan-an. Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Àmọ̀tẹ́kùn náà ká ìrù rẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀, ó sì tò sẹ́yìn ẹfọ̀n. Wọ́n jọ lọ sídìí iná àwọn àjèjì, wọ́n dúró pẹ̀lú sùúrù títí ògòǹgò fi gbọ́ ọ̀rọ̀ dé ìparí, òun náà sì tò sẹ́yìn. Ní oríta tó kàn, orí mẹ́ta yí sí òsì lẹ́ẹ̀kan náà. Orí mẹ́ta yí sí ọ̀tún.

“Ẹ gbà mí o!” ni onídìrí ń ké. “Orí oníbàárà kan ṣì wà lọ́wọ́ mi, ẹ̀rín ò jẹ́ kí n lè pín irun rẹ̀!”

Ilẹ̀ ti ṣú pátápátá kí wọ́n tó dé èbúté. Ìdajì oyin ti dà sínú ọ̀gbun, àwọn tó fẹ́ rà á sì ti sùn. Àwọn ọmọ ìyá mẹ́ta rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wọn, olúkúlùkù ní ìlú tirẹ̀.

“Ẹṣin ọ̀rẹ́ rẹ ńkọ́?” ni Àǹtí Rọra bèèrè.

“Ẹṣin wo? Àǹtí mi, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín mọ́. Àwọn tó ni géèmù ní a lè fi ẹran sọ́dọ̀ ẹlòmíràn kó lọ kẹ́kọ̀ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba Ìjì lọ́wọ́ mi.”

“Jẹ́ kó wá.”

Lọ́la, lẹ́yìn tí akẹ́kọ̀ọ́ ìkẹyìn bá ti sọ̀ nínú ọkọ̀, Àǹtí Rọra yóò mú àmọ̀tẹ́kùn náà gun òkè, yóò sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gba ojú ọ̀nà sọ̀kalẹ̀.