Ọjọ́ Tí Wọ́n Fẹ́ Wó Ṣọ́ọ̀ṣì Alámọ̀ Wa

Tí òjò bá rọ̀ mọ́jú ọjọ́ Sọ́ńdè, òórùn amọ̀ tútù ló máa ń kọ́kọ́ kí wa lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Abúlé wa ò jìnnà sí Akínyẹlé, àwọn bàbá àgbà wa ló sì fi amọ̀ mọ ṣọ́ọ̀ṣì náà. Tí atẹ́gùn bá fẹ́, eruku á máa dà sára aṣọ funfun mi. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí pé ẹyọ kan ṣoṣo ni aṣọ Sọ́ńdè nígbà yẹn. Bàbá mi, tí wọ́n jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n lítíréṣọ̀ ní yunifásítì, á kàn rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Fi sílẹ̀, àwọn bàbá rẹ ló ń kí ọ." Inú á bí mi.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ní àwọn fẹ́ wó o, káwọn fi búlọ́ọ̀kù kọ́ tuntun síbẹ̀, bàbá mi dìde nínú ìpàdé, wọ́n fi odidi wákàtí kan ka ìwé sí wọn létí. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ dáadáa, wọ́n sì dìbò pé kí wọ́n wó o. Bàbá Ìjọ, tí wọ́n ṣáájú àwọn tó fẹ́ ilé tuntun, béèrè lójú gbogbo wa pé, "Purọ́fẹ́sọ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka ìtàn àròsọ, kí lẹ mọ̀ nípa ilé kíkọ́?" Ojú tì mí gan-an.

Bàbá mi ò bínú. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ti agboolé kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n ń bi àwọn àgbà léèrè ẹni tó mọ ògiri wo. Ọ̀wẹ̀ ni àwọn bàbá àgbà bẹ̀ nígbà tí wọ́n ń mọ ṣọ́ọ̀ṣì náà; agboolé kọ̀ọ̀kan ló gba apá tirẹ̀ mọ, títí kan àwọn mùsùlùmí.

Láàárọ̀ Sátidé tí wọ́n fẹ́ wó o, gbogbo abúlé gbé ọkọ́ àti dígà dé. Bàbá mi ní àwọn ò ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, àwọn kàn ń bẹ̀bẹ̀ pé kí agboolé kọ̀ọ̀kan wó ibi tí bàbá tirẹ̀ mọ. Wọ́n wá ń ka orúkọ, wọ́n ń tọ́ka sí ògiri. Kò sẹ́ni tó mira. Bàbá Ràímì, àgbẹ̀ mùsùlùmí tí wọn ò wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí, lọ gbé ọwọ́ lé ògiri kan.

"Iṣẹ́ bàbá mi rèé. Èmi ò lè fi ọkọ́ kàn án. Bàbá Ìjọ, ó ku tiyín."

Bàbá Ìjọ wo ibi tí bàbá wọn mọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Wọ́n gbé dígà wọn sílẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká wá ilẹ̀ míì fún tuntun," ni wọ́n wí. Bàbá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ń sunkún, wọ́n tún ń rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n ò tíì sọ fún wọn títí dòní. Ká tó kúrò nílé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní mi, mo bẹ Ọlọ́run pé kí wọ́n tètè wó ṣọ́ọ̀ṣì náà, káwọn ẹlẹgbẹ́ mi lè yéé fi bàbá mi ṣe yẹ̀yẹ́. Báyìí, èmi náà ti di ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, inú ilé alámọ̀ yẹn ni wọ́n sì ti ṣèrìbọmi fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tọkàntọkàn ni ọmọ tí mo jẹ́ nígbà yẹn gbàdúrà. Mo dúpẹ́ pé Ọlọ́run ò dá a lóhùn.