Aṣọ Ìnujú Ìjọ Lọ́wọ́ Mákánjúọlá

Kí ìṣèlú tó kan Keziah Adéyẹmí, ẹ̀rọ ìránṣọ àti àdúrà nìkan ló mọ̀. Télọ̀ ni ní Ìníṣà, òun náà sì ni olórí àwọn afàdúràjagun ní ìjọ wọn. Háà, obìnrin yìí mọ àdúrà gbà! Bó bá ti gba makirofóònù, àwọn tó ń wọkọ̀ kọjá lọ sí Òkukù á máa ṣe àmín láti ojú fèrèsé.

Ohun tó gbé e dé ìdí ìṣèlú kò ju ẹyọ kan lọ. Iná fóònù ni wọ́n fi gbẹ̀bí fún un ní ilé ìwòsàn àdúgbò nígbà tó ń bí Ìtùnúolúwa. Àárín ìrọbí gan-an ni fóònù kú, ni nọ́ọ̀sì bá figbe ta: "Màmá, ẹ dúró ná, ẹ má tíì bí o!" Gbogbo ayé máa ń fi í rẹ́rìn-ín. Keziah náà máa ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò gbàgbé.

Nígbà tí Pásítọ̀ Oyèwálé wá bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù pé kí onígbàgbọ́ yéé sá sí kọ̀rọ̀ kí àwọn kan máa fi ìlú ta ayò, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára ṣinṣin. "Iyọ̀ tó wà nínú ìgò kì í mú ọbẹ̀ dùn! Ta ni yóò lọ fún wa?" Keziah dìde. Òun fẹ́ ṣe káńsílọ̀. Nítorí tirẹ̀ ni gbogbo àwọn afàdúràjagun ṣe wọ ẹgbẹ́ òṣèlú.

Ìjọ wọn ní àṣà kan. Ẹni tí wọ́n bá ń rán níṣẹ́, Pásítọ̀ á da òróró sí aṣọ ìnujú funfun kan, á gbé e lé e lọ́wọ́ lójú gbogbo ènìyàn. Ẹyọ kan ṣoṣo ni. Ọwọ́ ẹni tó bá wà, òun ni ìjọ rán. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e fún Keziah, ẹkún ayọ̀ ló sun. Ó ń gbé e kiri láti ojúlé dé ojúlé, títí dé ilé Àlàájà Bọ́lánlé oníbúrẹ́dì.

"Èmi ò mọ ti aṣọ ìnujú yín o," ni Àlàájà wí. "Iná ilé ìwòsàn ni tèmi. Ìyàwó ọmọ mi ti lóyún."

Ìdìbò abẹ́lé ku ọ̀sẹ̀ kan nígbà tí ìyàwó Pásítọ̀ yà sí ṣọ́ọ̀bù Keziah.

"Màmá Ìtùnú, Dádì ní kí n gba aṣọ ìnujú yẹn wá. Wọ́n fẹ́ tún òróró sí i."

"Háà, Mọ́mì! Ẹ jẹ́ kí n fọ̀ ọ́ ná."

Ó fọ̀ ọ́, ó lọ̀ ọ́, ó ká a sí mẹ́rin, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn. Mọ́mì ò wo ojú rẹ̀. Keziah rò pé oòrùn ni.

Ọkọ rẹ̀, Adéjàre, yí imú nígbà tó gbọ́. "Òróró ọ̀hún ò wá lè bá a nílé?"

"Baba Ìtùnú, ẹ jẹ́ ká nígbàgbọ́ jàre."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, páànù tuntun ti wà lórí ilé ìsìn tó ti ń jò tipẹ́. Orí Keziah wú. Òkè ló ń wò, tó ń dúpẹ́. Ìgbà tó máa wo iwájú, Mákánjúọlá ló rí, ọmọ Ìníṣà tó ní ilé epo ní Ìkìrun, tí kì í dé ṣọ́ọ̀ṣì àfi ọjọ́ ìkómọ. Òun náà ń du ipò káńsílọ̀. Aṣọ ìnujú funfun wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú ìlà tí Keziah fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ kò tíì parẹ́.

"Olúwa tún bá mi sọ̀rọ̀," ni Pásítọ̀ wí. "Ó ní ẹni tó lágbára ni ká rán. Màmá Ìtùnú, ẹ bọ́ síwájú, ẹ gbàdúrà fún ìránṣẹ́ wa."

Wọ́n ki makirofóònù bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Gbogbo ìjọ na ọwọ́ sí Mákánjúọlá. Keziah yíjú sí Pásítọ̀.

"Pásítọ̀," ló wí, "Ọlọ́run tó bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ṣé Ó sọ fún yín pé èmi ni mo lọ aṣọ yẹn?"

Ó gbé makirofóònù kalẹ̀, ó jáde.

Síbẹ̀, ó lọ sí Òkukù fún ìdìbò abẹ́lé. Pápá kan ni ẹgbẹ́ kó gbogbo wọ́ọ̀dù jọ sí. Wọn ò tẹ̀ka. Ẹni tó bá wuni, ẹ̀yìn rẹ̀ lèèyàn ń tò sí, wọ́n á sì kà wọ́n. Keziah fojú wá àwọn tirẹ̀. Gbogbo wọn ló wá, títí kan Rẹ̀mí igbákejì rẹ̀, tí wọ́n jọ ń gbààwẹ̀, tí Keziah rán aṣọ ìgbéyàwó fún láìgba kọ́bọ̀. Ẹ̀yìn Mákánjúọlá ni wọ́n tò sí gbọọrọ, wọ́n ń wo bàtà ara wọn. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ kúkú ló ń gbé.

Ẹ̀yìn Keziah, Adéjàre ni, àti Àlàájà, àti aboyún ilé Àlàájà, pẹ̀lú ìwọ̀nba ará àdúgbò.

"Ẹ̀yin ará ìjọ," ni Àlàájà lọgun, "ṣé ẹ ṣìnà ni? Màmá yín rèé níhìn-ín!"



Nígbà tí wọ́n kà tán, tí Mákánjúọlá ti ń ju aṣọ ìnujú sókè, Rẹ̀mí sáré wá di ọwọ́ Keziah mú. "Màmá, ẹ má bínú. Dádì ló ní ká tò síbẹ̀. Ọlọ́run rí i, ọkàn wa wà lọ́dọ̀ yín."

Keziah yọ ọwọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́. "Rẹ̀mí, ẹsẹ̀ ni wọ́n kà."

Ó yíjú sí aboyún tó ti rẹ̀ níbi ìdúró. "Ìgbà wo ni wọ́n lo máa bí?"

"Oṣù tó ń bọ̀, mà."

"Sọ fún ọkọ rẹ kó ra tọ́ọ̀ṣì."