Àga Tí Mo Gbà Lábẹ́ Bàbá Rábíù

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Ìsọlọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó wà níbẹ̀. Àwọn yẹn ti fi iyọ̀ sí i!

Tíṣà wa ní Òṣòdì ló kó àwa ọ̀dọ́ mélòó kan jọ, wọ́n ń kọ́ wa bí a ṣe máa darí ìjíròrò ládùúgbò, lórí bí àwọn òyìnbó ṣe ń fi àwọ̀ ara yan ènìyàn jẹ. Wọ́n ní olùdarí kì í pàṣẹ, kì í jiyàn. Ìbéèrè ló máa ń bi èèyàn, á sì gbọ́ èsì. Sítáńdáàdì Síìsì ni mo kà dé, àmọ́ mo mọ̀rọ̀ ọ́ sọ, èmi sì ni Tíṣà ní kí n kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ṣé ẹ rò pé orí mi ò wú? Fìlà mi fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbà á mọ́!

Bàbá Rábíù la gbójú lé. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, ojú wọn sì rí màbo lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá òyìnbó, ṣùgbọ́n wọn kì í sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo bẹ̀ wọ́n títí kí wọ́n tó gbà láti wá. Bí wọn ò bá sọ̀rọ̀, kò sí àgbà kankan tó máa lanu.

Bàbá dé ilé Ìyá Sàlámì tí a ti fẹ́ ṣe ìpàdé, mo dọ̀bálẹ̀, mo gbé àga onítìmùtìmù kan ṣoṣo tó wà nílé fún wọn. Àwọn àgbà yòókù jókòó sórí bẹ́ńṣì. Bí mo ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ báyìí, òyìnbó kan wọlé! Tíṣà ló pè é kó wá gbọ́rọ̀, wọn ò sì sọ fún mi.

Kí lẹ rò pé mo ṣe? N ò mọ ìgbà tí mo fò dé ọ̀dọ̀ Bàbá. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n bọ́ sórí bẹ́ńṣì, àlejò dé! Bàbá dìde. Mo fi ẹ̀wù mi nu àga. Òyìnbó rẹ́rìn-ín sí mi, ó jókòó pẹ̀sẹ̀. Pẹ̀sẹ̀ o!

Gbogbo ilé ń wo Bàbá lórí bẹ́ńṣì. Èmi ò tiẹ̀ fura! Mo húkọ́ díẹ̀, mo bi wọ́n ní ìbéèrè àkọ́kọ́: ìgbà wo ni wọ́n fi àwọ̀ yan ẹnikẹ́ni nínú yín jẹ gbẹ̀yìn?

“Ìsinsìnyí ni,” ni Bàbá wí.

Ìyá Sàlámì tó nilé pariwo: “Òyìnbó ò tiẹ̀ tíì béèrè àga!”

Ni gbogbo ilé bá bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà ń wo àjà. Bàbá ní tiwọn ti mú fìlà, wọ́n ń lọ sẹ́nu ọ̀nà.

Mo nà gbalaja síwájú wọn. N ò ṣàwáwí kankan. Mo ní ọwọ́ mi ló yá ju ọpọlọ mi lọ, àti pé kí wọ́n dárí jì mí. Bàbá wò mí títí, wọ́n ní kí n dìde. Wọ́n ní, “Ní rélùwéè, àwa náà la máa ń sáré nu àga kí wọ́n tó ní ká nù ún.”

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ ìtàn nìyẹn o! Àwọn àgbà yòókù náà tẹ̀ lé wọn, ọ̀kan ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu èkejì. Nígbà tí Tíṣà fi máa túmọ̀ rẹ̀ tán fún òyìnbó, òyìnbó ti dìde lórí àga tipẹ́, kò mọ ibi tí yóò fara sí. Kò sẹ́ni tó ní kó jókòó.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ rèé: mo rò pé ọwọ́ òyìnbó nìkan ni mo ti máa rí ìwà yẹn. Ọwọ́ tèmi ni mo ti bá a. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ ti lé dìde rí torí òyìnbó? Ẹ sọ fún mi o, kó má jẹ́ èmi nìkan lojú ń tì!