Ọkùnrin Olójú Kan Tí Wubalem Yà

Ẹ má bi mí bóyá ẹ̀rín ni kí n rín tàbí ẹkún ni kí n sun, torí èmi gan-an ò mọ̀. Agboolé kan náà lèmi àti Wubalem ń gbé ní ìlú Gondar. Nígbà tí Tilahun ọkọ rẹ̀ kú, ó ní òun fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán, kí òun lè fọwọ́ ara òun ya ọkọ òun de ìrántí ọdún kan. Obìnrin tí kò mú búrọ́ọ̀ṣì rí!

Ó gba ọ̀dọ̀ Bàbá Fisseha lọ, àgbà tó ń yàwòrán fún ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá gbé àwòrán àtijọ́ kan síwájú rẹ̀, níbi tí ọmọ ogun kan ti ń na ẹni mímọ́, ó ní kó yà á bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Ẹni mímọ́ kọjú sí wa, ojú rẹ̀ méjèèjì hàn. Ọmọ ogun yẹn kọ ẹ̀gbẹ́ sí wa, ojú kan ṣoṣo ló hàn, torí bí àwọn ayàwòrán ṣọ́ọ̀ṣì ṣe ń ya ìkà nìyẹn, olójú kan.

Ẹni mímọ́ tí Wubalem yà kàn la ojú sílẹ̀ lásán ni.

"Gbogbo ìlà ẹ̀ ló pé," ni Bàbá wí, "àmọ́ kò dun ẹnikẹ́ni. Tún un yà."

Ó tún un yà, pàbó ló já sí. "Bàbá, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe gan-an? Ohun tí mo rí ni mo yà!"

"Wàhálà ẹ náà nìyẹn."

Ta ni ìyẹn yé?

Mo gbé kọfí lọ fún un lọ́jọ́ kan, ni mo bá rí ọmọ ogun tó yà. Háà! Imú yẹn, bó ṣe ń gé ètè jẹ.

"Wubalem, Tilahun rèé!"

"Màríà o! Irọ́ ni. Ọmọ ogun inú àwòrán ni." Ó wò ó, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Mo fẹ́ràn ọkọ mi o. Kí ló dé tó jẹ́ báyìí nìkan ló ń bọ́ sí mi lọ́wọ́?"

Ó ya Tilahun mìíràn, olójú méjì, tó rẹwà. Àmọ́ àwòrán náà kú pátápátá. Òun ló gbé kọ́ lọ́jọ́ ìrántí.

Ìyá Tilahun, Màmá Aselefech, wò ó títí. "Ta nìyí? Ọmọ mi kọ́."

Gbogbo ilé ń wo Wubalem. Ara mi ò gbà á mọ́, mo bá fa ọmọ ogun yẹn yọ lẹ́yìn apẹ̀rẹ̀ injera, búrẹ́dì pẹlẹbẹ wa, níbi tí Wubalem fi í pamọ́ sí. Àwọn àbúrò Tilahun dìde fùú. Ọmọ ìyá àwọn, olójú kan!

"Ẹ jókòó!" ni ìyá náà wí. Ó fọwọ́ kan ètè àwòrán yẹn. "Òun nìyí. Bó ṣe máa ń wò mí nìyí kó tó gbá mi létí."

Ìyá yẹn gbá àwòrán náà mọ́ra, ó ń fẹnu ko ojú kan ṣoṣo yẹn, ó ń sunkún, "Ọmọ mi, ọmọ mi."