Èjìká Ọmọ Lórí Afárá Pákó

Nígbà tí mo wà ní kékeré, kí òkun tó gba àdúgbò wa àtijọ́ létí omi Ìlàjẹ, orí òpó ni ilé wa wà, afárá pákó sì ni a ń gbà láti ilé kan dé èkejì. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà níbẹ̀, ẹ kò ní gbàgbé bí àwọn pákó yẹn ṣe máa ń yọ̀ bí òjò bá ti rọ̀. Ọmọdé á sáré kọjá. Bó bá já sómi, á lúwẹ̀ẹ́ jáde, á sì máa rẹ́rìn-ín. Àgbàlagbà kò gbọdọ̀ dán irú rẹ̀ wò.

Ìdí nìyẹn tí ìyá bàbá mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Yèyé, fi máa ń ní ọmọ kan tó ń pè ní "èjìká mi". Ojú Yèyé ti ń ṣe bàìbàì nígbà náà. Ọmọ yìí á ṣáájú, Yèyé á gbé ọwọ́ òsì lé e léjìká, wọn á sì máa lọ díẹ̀díẹ̀. Bí ọmọ bá tẹ pákó kan tí kò dúró ire, á kígbe pé, "Yèyé, ó mì o," Yèyé á sì dúró. Èrè iṣẹ́ náà ni ikùn ọ̀bọ̀kún, ibi tó lọ́ràá jù lára ẹja, tí Yèyé á fi ọwọ́ ara rẹ̀ bù sínú ọbẹ̀ màrúgbó ọmọ náà, kó fi jẹ púpurú.

Bí ọdún mẹ́ta ni mo fi jẹ́ èjìká. Lójijì ni mo ga. Yèyé kàn sọ lọ́jọ́ kan pé, "Ìwọ ti ga ju ọwọ́ mi lọ," ó sì mú Dúpẹ́ àbúrò mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: mo jowú ọmọ yẹn débi pé bó bá ń jẹ ikùn ẹja, èmi a máa ka òkèlè rẹ̀. Ìyá mi a ní, "Òjòwú kò lẹ́ran láyà." Mo wo àyà mi, kò sì sí ẹran níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, wọ́n rán Dúpẹ́ lọ koná sábẹ́ ẹja tí a ń yan. Yèyé jáde, ó ń pe èjìká rẹ̀. Mo yára lọ dúró níwájú rẹ̀, mo ká eékún díẹ̀ kí èjìká mi lè rẹlẹ̀ bíi ti Dúpẹ́. Bó ṣe gbé ọwọ́ lé mi, inú mi dùn ṣìnkìn. Nígbà tí a dé pákó kẹrin, ó mì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá la ẹnu, Yèyé á mọ ohùn mi. Mo dákẹ́. Yèyé tẹ pákó náà, pákó yí, Yèyé sì fi ìbàdí gbá òpó kó tó já sómi.

Àbúrò bàbá mi ló fi ọkọ̀ gbé e jáde. Bàbá mi ní kí n kúnlẹ̀, kí n na ọwọ́ sókè, ó wá ń wá pàṣán. Yèyé tó dùbúlẹ̀ tó ń kérora ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀. Nígbà tó ku èmi àti òun, ó ní, "Mo ti mọ̀ pé ìwọ ni, látìgbà tí mo ti gbé ọwọ́ lé ọ. Mo rò pé bí mo bá jẹ́ kí o ṣe é, ọkàn rẹ á balẹ̀." Kò rìn lórí afárá mọ́ títí ó fi kú. Ojú fèrèsé ló ń jókòó sí.

Lónìí èmi náà ti darúgbó. Àwa tí òkun lé ti tún ilé kọ́ sẹ́yìn díẹ̀, orí afárá pákó la ṣì ń gbà. Ọmọ mi tó wà ní Èkó ti ní kí wọ́n kan igi ìdìmú sí ẹ̀gbẹ́ tèmi, ó fi awò ojú àti bàtà tí kì í yọ̀ ránṣẹ́. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn wa ní gbogbo rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n kí n má dá rìn lẹ́yìn òjò, torí egungun àgbà tó bá ṣẹ́ kì í tètè jinná. Yèyé kò ní ọ̀kankan nínú nǹkan wọ̀nyí, síbẹ̀ mò ń jowú rẹ̀, torí inú ilé tó kún fún ọmọ ló wà, ó ń ṣa èyí tó wù ú. Mo sì tún ń jowú Dúpẹ́. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá ń lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò ní ilé ìwòsàn, mo máa ń rí wọn, ọwọ́ Dúpẹ́ léjìká ọmọ náà. Èmi a ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti pa ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì dá fún mi jẹ, tí mo ní ẹsẹ̀ ló ń dùn mí. Irọ́ ni. Mi ò fẹ́ bẹ Dúpẹ́ pé kó yá mi ní ọmọ náà ni.

Lánàá ló wá fúnra rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí máa mú yín kọjá. Tó bá ti mú mi dé òdìkejì, á padà wá mú yín." Ojú tì mí, mo sì gbà. Ṣùgbọ́n mo sọ fún un pé èmi ni ọmọ náà á kọ́kọ́ mú, torí èmi ni ẹ̀gbọ́n.