Igi Mẹ́rin Ẹ̀yìn Ilé Wa àti Irọ́ Tí Mi Ò Pa

Òórùn ẹja ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ kan ní Goresbrook, ní Dagenham nílùú òyìnbó, bẹ́ẹ̀ a kò se ẹja. Ọmọ ọdún méje ni mí, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá láti Peckham ni. Màámi ti ibi iṣẹ́ dé, aṣọ iṣẹ́ ilé àwọn arúgbó tó ti ń ṣe ìtọ́jú ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó yọ orí síta lójú fèrèsé, ó ní, "Ta ló da ẹja sínú igbó?" A jọ wá a lọ. Kì í ṣe ẹja. Igi ẹlẹ́gùn-ún mẹ́rin ló wà létí odò kékeré ẹ̀yìn ilé wa, òdòdó funfun bò wọ́n bí ẹni da ìyẹ̀fun lé wọn lórí, òdòdó yẹn ló ń rùn. Àwọn aládùúgbò ń pè é ní họ́tọ̀nù. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní Dagenham, ó ti fa aṣọ yín ya rí.

Nígbà tí òdòdó rẹ̀ dànù, èso pupa wẹ́wẹ́ yọ. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni Màámi, kò lè rí èso kó má tọ́ ọ wò. Ó kọ́kọ́ bi ìyá àgbà tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa bóyá kò léwu, lẹ́yìn náà ó já a. Ó ní igi àgbálùmọ̀ mẹ́ta ló wà lẹ́yìn ilé bàbá òun, kò sì sí èyí tó dùn bí èkejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa rí. Èso ọ̀kan rọ̀ bí ànàmọ́ sísè, ti òmíràn gbẹ lẹ́nu. Ewé ọ̀kan là jinlẹ̀ bí ìka ọwọ́, ti òmíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ má là rárá. "A jọ bí wọn ni," Màámi máa ń wí, "a ò jọ dá orí wọn."

Ó wá sọ wọ́n lórúkọ àmútọ̀runwá, bí a ṣe ń sọ ọmọ. Èyí tó dojú bolẹ̀ sódò ni Àjàyí. Èyí tí ẹ̀ka rẹ̀ ta kókó ni Dàda. Ẹ̀kẹta, kóró méjì ló ń wà nínú èso rẹ̀, nígbà tí ti àwọn yòókù jẹ́ ẹyọ kan. Ìyẹn ni Ìbejì. Ẹ̀kẹrin kì í pọ́n títí òtútù fi dé. Màámi á dúró níwájú rẹ̀, á máa bú u: "Ọmọ́pẹ́, oyún oṣù mélòó lo gbé ná? Àwọn ẹgbẹ́ ẹ ti bí tán!" Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo fẹ́ràn àwọn igi yẹn ju bó ṣe yẹ lọ. Mi ò ní ọ̀rẹ́ ní ilé ìwé. Mo rò ó pé bí igi mẹ́rin bá lè yàtọ̀ síra tó bẹ́ẹ̀ kí wọ́n ṣì jẹ́ ẹbí, bóyá àyè wà fún èmi náà.

Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, olùkọ́ wa ní kí kálukú ya igi kan tó wà nítòsí ilé rẹ̀: ewé, èso, àti iye kóró inú èso náà. Èyí tó bá dára, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kí àwọn òbí wá wò ó. Mo ya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo la èso márùn-ún márùn-ún lára ìkọ̀ọ̀kan, kí ó lè dá mi lójú.

Olùkọ́ náà wò ó, ó nawọ́ sí àwòrán kan tí wọ́n rà kọ́ sí ògiri. Ewé kan, èso kan, kóró kan. "Họ́tọ̀nù rèé," ó ní. "Ṣe lo jókòó sílé, o fi ọkàn rẹ ro tìẹ." Ó fi bírò pupa fa ìlà gba orí Ìbejì kọjá. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo purọ́, kí n sì tọrọ àforíjì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mi ò ní jáde ṣeré.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ wá wò ó," ni mo wí. "Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni."

Ó ní òun ò ní àyè irú ìyẹn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá! Títí di òní, bí mo bá rántí, ara mi á gbóná.

Mo rò pé Màámi yóò kó èso náà lọ dà sórí tábìlì olùkọ́. Ṣùgbọ́n ìwé ìgbélùú wa ṣì wà lọ́dọ̀ ìjọba nígbà yẹn, ẹ̀rù lẹ́tà èyíkéyìí ń bà á. "Àníkẹ́, kọ ọ́ fún un," ó ní. "Àlejò kì í bá onílé jiyàn orúkọ igi."

"Màámi, ṣé mo purọ́ ni?"

"O ò purọ́."

"Kí wá ni mo fẹ́ tọrọ àforíjì fún?"

Màámi kọjú sí ìkòkò, ó ń ro sẹ̀mó tó ti jinná tipẹ́. Inú bí mi sí olùkọ́, ó sì bí mi sí Màámi. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ẹ̀rù tí wọ́n dá bà á kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀.

Mi ò kọ ọ́. Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi jókòó nínú kíláàsì, tí mò ń gbọ́ ariwo bọ́ọ̀lù lóde. Lọ́jọ́ kẹfà ó sú olùkọ́, ó ní kí n máa lọ. Kò lẹ àwòrán mi mọ́ ògiri. Kò wá wo igi náà rí.

Ní yunifásítì, níbi tí mo ti kàwé nípa ewéko, wọ́n sọ fún wa bí ẹni ń sọ pé òjò ń rọ̀ pé irú họ́tọ̀nù méjì ló wà nílẹ̀ yìí. Wọ́n ní irú méjèèjì ń fẹ́ra wọn bí ọkọ àti aya, ọmọ wọn a jọ bàbá, a jọ ìyá, tàbí kó má jọ ẹnì kankan. Kóró kan, kóró méjì. Gbogbo kíláàsì kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi jáde lọ sunkún, kì í sì í ṣe ẹkún ayọ̀. Kí ló dé tí ohun tí ọmọdé fi ojú ara rẹ̀ rí fi ní láti dúró de ẹni tó gboyè kó tó di òótọ́?

Èmi náà ti gboyè báyìí. Iṣẹ́ oṣù mẹ́fà ni mo rí: mo ń ka igi tó wà lórí ilẹ̀ kí wọ́n tó kọ́lé síbẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lápá Eastbury, mo bá họ́tọ̀nù méjìlá lórí ìlà kan, igi àtijọ́, kò sí èyí tó jọ èkejì. Mo la èso wọn. Mo bá kóró méjì lára mẹ́ta. Ọ̀gá mi ní ìlà kan ṣoṣo ni fọ́ọ̀mù ní fún họ́tọ̀nù. "Kọ ọ́ pé irú kan náà ni wọ́n, méjìlá. A ó gbin méjìlá mìíràn dípò wọn." Mo ro ti iṣẹ́ mi tó ku oṣù méjì. Mo kọ ọ́, mo fi ránṣẹ́. Kò gbà tó ìṣẹ́jú kan.

Láti ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń bínú sí olùkọ́ yẹn pé kò wá wò ó. Èmi wò ó. Mo là á, mo kà á. Ọmọ ọdún mẹ́jọ kọ̀, kò kọ irọ́ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Èmi ti kọ ọ́, kò sì sí ẹni tó tì mí mọ́ kíláàsì.